Òkúta Ewé-Bàbà ti Òkè-Ayín

Òkúta náà ti wà lórí tábìlì kí Ìbídùnní tó wọ gbọ̀ngàn ìlú, kò sì sí ẹni tó gbà pé òun ló gbé e síbẹ̀.

"Ta ló mú un sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè?" ni ó béèrè.

Baálẹ̀ Òkè-Ayín, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí oòrùn ti ṣá agbádá rẹ̀ di àwọ̀ eérú, wo àwọn àgbà márùn-ún tó jókòó tì í. Àwọn àgbà wo ilẹ̀.

"Orí òkè la ti rí i," ni Baálẹ̀ sọ nígbà tó yá.

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló gbé e dé orí tábìlì?"

"Èyíinì ni mi ò lè sọ."

Ìbídùnní kò bi í mọ́. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ayẹ̀kútawò fún ìjọba, ó sì ti rí i pé níbi tí òkúta rere bá ti jáde, ńṣe làwọn èèyàn máa ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Ti ibí yìí yàtọ̀. Òkúta tó lè yí ìgbé ayé gbogbo ìlú padà ló wà níwájú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án.

Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì gbé òkúta náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Kò tóbi ju ọsàn kan lọ. Ìdí rẹ̀ funfun, kò sì dán. Ṣùgbọ́n gbogbo orí rẹ̀ kún fún ẹyọ ṣóńṣó-ṣóńṣó tó ń kọ mànà, tí àwọ̀ wọn dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbójú sókè wò ó, ó sì yára gbójú kúrò. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí òjò ti fọ ewé kankan gbẹ̀yìn ní Òkè-Ayín.

Ìbídùnní fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha etí ẹyọ kan, ọ̀bẹ sì fa ìlà sí i. Kì í ṣe ẹ́mírádì, òkúta olówó iyebíye aláwọ̀ ewé, nìyẹn, torí ọ̀bẹ ò lè ha ẹ́mírádì. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ti ta irú òkúta yìí ní ẹ́mírádì láìmọ̀, títí ẹnì kan fi gbìyànjú láti gbẹ́ ẹ, tó sì fọ́ sí i lọ́wọ́. Dáyọ́ptéèsì lorúkọ tó wà nínú ìwé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ewé-bàbà.

Ó gbé e síwájú Awòye, ẹ̀rọ dúdú kan tó tó bíríkì, ó sì fi àtàǹpàkò kan ẹ̀rọ náà kó lè jí. Awòye da ìmọ́lẹ̀ funfun lé òkúta, ó pa á, ó tún dà á lé e. Ohùn obìnrin kan jáde látinú rẹ̀, ohùn tí kì í yára, tí kì í sì í falẹ̀.

"Ewé-bàbà. Bàbà, sílíkà àti omi. Kì í ṣe ayédèrú. Àyẹ̀wò kìíní ti parí. Àyẹ̀wò kejì yóò wáyé ní aago mẹ́rin òní lójú ará ìlú. Tó bá bá ti kìíní mu, Òfin Bàbà ti múlẹ̀ lórí òkè yìí."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí òfin náà wí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn Baálẹ̀: ilé-iṣẹ́ á gba ilẹ̀, àwọn ará ìlú á kó jáde láàárín ogójì ọjọ́, ìjọba á sì fún wọn ní ìwé ìkọjá Ìbodè Omi, kí wọ́n lè lọ tẹ̀dó sí gúúsù níbi tí òjò ṣì ń rọ̀. Níbi tí Ìbídùnní ti ka irú èsì bẹ́ẹ̀ rí, àwọn obìnrin a máa sunkún, àwọn ọkùnrin a máa béèrè ta ni yóò máa tọ́jú sàréè bàbá wọn.

Ní Òkè-Ayín, àgbà kan wúkọ́, ó ní, "Ṣé ìwé ìkọjá náà gba ewúrẹ́?"

Baálẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìbídùnní rí i.

* * *

Nígbà tó jáde, Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì ń dúró dè é ní àgbàlá. Òun ni aṣojú ilé-iṣẹ́ Wáyà-Agbára, ilé-iṣẹ́ tí yóò gba òkè náà. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wà lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò kan tó ti gbẹ, wọ́n fi tapólì bo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, Màdáámù. Mo gbọ́ pé Awòye ti sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo lẹ dé?"

"Àárọ̀ yìí náà ni. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú, èmi tẹ̀ lé yín."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ṣe fẹ́ ẹ: aṣojú ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ ìlú kan ṣáájú ayẹ̀kútawò. Ṣùgbọ́n adìẹ kan ti ba sẹ́yìn táyà ọkọ̀ náà, ó ti họ ilẹ̀ ibẹ̀ di ìtẹ́. Nígbà tí awakọ̀ ṣílẹ̀kùn, adìẹ náà dìde, Ìbídùnní sì ka ẹyin mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.

"Adìẹ yìí ti ń yé síbí láti ìjẹrin," ó wí.

Kúforíjì wo adìẹ náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì pàṣẹ fún awakọ̀ rẹ̀ pé kó tún tapólì so dáadáa.

Ọ̀nà òkè ni Ìbídùnní kọrí sí, ọkàn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu ẹni tó jẹ̀bi. Kò ní jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan á gbin òkúta síbi tí kò sí, kó lè fi òfin lé àwọn èèyàn kúrò. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí ará ìlú fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti purọ́.

Sàfúrátù ló mú un lọ, olùṣọ́ kànga ìlú, opó kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ rí òkúta.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Ìdérí irin ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń ka òrùka ọwọ́. Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n fi òrùka rẹ̀ kàn án. Omi yọ, ó kún ife méjì, ó dá. Nígbà tí Ìbídùnní fi òrùka ìjọba tirẹ̀ kàn án, omi ń yọ, kò dá. Ìgò rẹ̀ kún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ kíákíá. Obìnrin ọlọ́mọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ fa èyí tó dà sílẹ̀.

"Báwo ni kànga yìí ṣe jìn tó, Màmá?"

"Mítà méjìdínlógún."

"Omi inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó kù lẹ̀ ń mu lọ́wọ́ yẹn," ni Sàfúrátù wí, ó sì ń lọ níwájú.

Òkè náà dúdú, ó ní ìlà pupa níbi tí oòrùn ti là á. Ìbídùnní mọ irú rẹ̀: òkúta líle tí iná inú ilẹ̀ sè nígbà ìwáṣẹ̀, òun kan náà tó pọ̀ káàkiri Òkè-Ògùn. Nígbà tí wọ́n dé pàlàpálá tí wọ́n ní wọ́n ti rí ewé-bàbà, ó yọ ìgò ásíìdì kékeré kan nínú àpò, ó kán ẹ̀kán kan sára òkè. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ó kán ẹ̀kán kan sí ìdí funfun òkúta tó gbé wá látorí tábìlì. Ó hó yaya bí ọṣẹ.

"Kí nìyẹn?" ni Sàfúrátù béèrè.

"Òkúta ẹfun ló máa ń hó bẹ́ẹ̀. Òkúta ẹfun ni èyí dàgbà lé lórí. Kò sì sí òkúta ẹfun kankan lórí òkè yìí."

Sàfúrátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Màmá, ṣé ẹ mọ bí ewé-bàbà ṣe ń wáyé?"

"Mi ò kàwé òkúta."

"Bàbà á kọ́kọ́ wà nínú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Omi tó ti gba bàbà náà mọ́ra á rìn gba inú pàlàpálá, á pàdé sílíkà, ohun tó wà nínú iyanrìn, á sì dì síbẹ̀. Ibi tó bá gbẹ táútáú ló ti ń rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ibi tó ti wọ́pọ̀ láyé ò ju ohun téèyàn lè fi ìka kà lọ: Kọ́ńgò, Nàmíbíà, Kàsàkístánì, àti ìwọ̀nba ibòmíràn."

"Ibí náà gbẹ."

"Ọgbọ̀n ọdún péré ló fi gbẹ, Màmá. Ọgbọ̀n ọdún ò lè ṣe ewé-bàbà."

Ó kúnlẹ̀, ó tan iná sínú pàlàpálá. Ẹyọ márùn-ún mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n jókòó lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn dojú kọ ìta bí ẹni pé wọ́n ń retí àlejò. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ̀kan. Ohun kan bí oyin tó ti gbẹ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi díẹ̀ sẹ́nu. Oje igi ayín ni, èyí tí àwọn ọmọdé Òkè-Ayín máa ń jẹ lẹ́nu bí wọ́n bá ń da ẹran.

Ilé-iṣẹ́ Wáyà-Agbára ní gọ́ọ̀mù tó ń lẹ irin mọ́ irin. Wọn ò ní fi oje igi gbin òkúta.

"Màmá," ó wí láìyíjú padà, "ta ló kó o síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Oje ayín wà létí ìborùn yín. Ó ti dì."

Sàfúrátù wo ìborùn náà, ó ká etí rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta, bí ẹni tó ti dúró láti àárọ̀.

"Kátáńgà ní Kọ́ńgò ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́," ó wí. "Ó lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ihò bàbà. Nígbà tó bọ̀, mẹ́fà ló kó wá nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n máa fi ṣeré, pé àwọ̀ rẹ̀ jọ oko bàbá òun nígbà òjò. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà wà láyé. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa àwọn yòókù, ọdún tí a mu omi adágún."

Ìbídùnní dá ẹyọ tó yọ padà sínú pàlàpálá.

"Irinwó èèyàn ló wà nílùú yìí. Èmi ni mo ń ti kànga, èmi ni mo ń ṣí i. Bí mo bá ju okùn sísàlẹ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ ló ń bá bọ̀. Mo kọ̀wé sí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹsàn-án pé kí wọ́n jẹ́ ká kọjá ìbodè. Wọ́n ní àfi ìlú tí wọ́n bá ti rí bàbà. Mo wá wo inú àpótí mi."

"Ta ló tún mọ̀ sí i?"

"Èmi nìkan."

Irọ́ ni, Ìbídùnní sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ṣì ń rí ẹsẹ̀ Baálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àgbà tó béèrè ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kò tún un béèrè.

"Bí mo bá sọ fún Awòye pé wọ́n gbìn ín ni, á ní kí n dárúkọ ẹni tó gbìn ín. Bí mi ò bá dárúkọ, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi."

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí ẹ bá dárúkọ?"

"Ọdún mẹ́wàá nínú ihò bàbà."

Sàfúrátù mi orí díẹ̀díẹ̀. "Dárúkọ mi, ọmọ mi. Tàbí kí o dákẹ́, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn sọ ohun tó máa sọ. Ọwọ́ rẹ ló kù sí."

Ìbídùnní dìde. Bó bá dákẹ́, ìlú á kọjá sí gúúsù, ẹnikẹ́ni ò ní farapa. Ohun tó ń rò nìyẹn títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara mọ́ ọn.

* * *

Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti ṣí tapólì ọkọ̀ Kúforíjì. Awakọ̀ ń sùn. Ìbídùnní ń kọjá lọ ni, ló bá rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró.

Páìpù ni, mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà mẹ́ta. Àwọn tó ń wá bàbà máa ń lo páìpù tó dí gbọn-in, tí a fi ń gé òkúta jáde látinú ilẹ̀ bí ẹni gé iṣu. Àwọn wọ̀nyí ní ojú wẹ́wẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ajọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àpò òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, irú èyí tí wọ́n máa ń dà yí páìpù ká kí iyanrìn má bàa wọlé. Kò sí ẹni tó ń fi èyí wá bàbà. Omi ni wọ́n fi ń fà.

"Ṣé ẹ nílò nǹkan kan, Màdáámù?" Kúforíjì ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi páìpù olójú ṣe?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà á mu omi."

"Páìpù mẹ́wàá? Tí ẹ ò sì mú ẹyọ kan wá fún bàbà?"

Kúforíjì tún fa tapólì bò wọ́n. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ wò ó. Ìlú fẹ́ lọ. Àwa fẹ́ wọlé. Awòye ti sọ pé bàbà wà. Ta lẹ wá ń jà fún?"

"Ẹ mọ̀ pé kò sí bàbà níbẹ̀."

"Èmi kì í ṣe ayẹ̀kútawò. Ohun tí Awòye bá sọ ni mo mọ̀." Ó gbọn eruku kúrò lápá aṣọ rẹ̀. "Wọ́n ní Mọ́pélọ́lá ọmọ yín ń kàwé ní Ẹ̀pẹ́, ní gúúsù. Ibẹ̀ dára. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ ló lè máa lọ wo ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe wù ú."

Ìbídùnní wò ó lójú. Kò bi í ibi tó ti gbọ́ orúkọ ọmọ òun. Ó yí padà, ó sì lọ bá Sàfúrátù ní ìdí kànga.

"Màmá, omi wà lábẹ́ ilẹ̀ yín."

Sàfúrátù ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí. Kò gbójú sókè.

"Àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé irọ́ ni òkúta yẹn," ni Ìbídùnní wí. "Wọ́n gba irọ́ yín torí ó bá tiwọn mu. Ọjọ́ tí ẹ bá kó jáde ni wọ́n á ki páìpù bọlẹ̀. Ọgbọ̀n mítà ni, bí mo ṣe ka páìpù wọn. Kànga yín ò ju méjìdínlógún lọ."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan èèkàn funfun sẹ́yìn ilé-ìwé," ni Sàfúrátù wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn á pàgọ́ sí." Ó ti kànga tán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ náà mú. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Omi inú ilẹ̀ ò lè dáni lójú bí òkúta ọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ó dá àwọn yẹn lójú débi tí wọ́n fi kó páìpù wá."

"Bí a bá wá kọ̀ láti lọ ńkọ́? Òkúta ti wà níwájú ẹ̀rọ."

"Ewé-bàbà ní omi nínú. Bí a bá fi í síná, omi inú rẹ̀ á jáde, á dúdú, á sì fọ́. Awòye kì í wo bàbà fúnra rẹ̀, bí inú òkúta ṣe tò ló ń wò. Bí ètò yẹn bá ti bàjẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní béèrè ẹni tó gbìn ín."

Sàfúrátù ronú sí i. Ó ní, "Kò lè ku ọ̀kan?"

"Kò lè ku ọ̀kan, Màmá. Èyí tó bá kù, Awòye á mọ̀ ọ́n."

Obìnrin náà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè padà lọ, òun ló sì kó márààrún, ó fi ìborùn rẹ̀ dì wọ́n.

* * *

Ní aago mẹ́rin, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Kúforíjì jókòó níwájú, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Sàfúrátù dúró ti Baálẹ̀, ó ti sọ ọ̀rọ̀ omi náà sí i létí. Ìbídùnní jí Awòye, ó gbé sítóòfù kékeré tó wà nínú àpótí rẹ̀ sórí tábìlì, ó tan án, ó sì gbé àwo irin kan lé e.

"Ìlànà fún ayẹ̀kútawò láyè láti fi iná dán òkúta wò kí àyẹ̀wò kejì tó bẹ̀rẹ̀," ó wí.

Ó gbé èyí tó wà lórí tábìlì láàárọ̀ sínú àwo. Ó tú ìborùn Sàfúrátù, ó gbé ìkejì sí i, ìkẹta, ìkẹrin, títí ó fi kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán.

Kúforíjì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. "Ẹyọ kan ni ìlànà wí."

"Mo mọ̀."

Àwọn òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iyọ̀ nínú epo gbígbóná. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó funfun jáde lára wọn. Àwọ̀ ewé náà ṣú létí, dúdú ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ lọ sí àárín. Kúforíjì dìde, ó na ọwọ́ sí àwo.

"Jókòó, ọ̀gbẹ́ni," ni Baálẹ̀ wí. Kò pariwo. "Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Ọkùnrin mẹ́ta ti dìde lẹ́yìn Kúforíjì. Kúforíjì jókòó.

Nígbà tí iná kú, ohun tó kù nínú àwo kò yàtọ̀ sí èédú. Ìbídùnní tì í síwájú Awòye. Ìmọ́lẹ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn. Ó pẹ́ ju ti àárọ̀ lọ.

"Kò mọ̀," ni Awòye wí. "Àyẹ̀wò kejì kò bá ti kìíní mu. A ti ti òkè yìí mọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ fún ọdún méje. Àwọn ará ìlú yóò wà níbi tí wọ́n wà."

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan kígbe pé obìnrin yìí ti pa àwọn. Ẹlòmíràn bú sẹ́kún. Àgbà tó béèrè ewúrẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. Sàfúrátù ti ń gba àárín wọn lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo sì ń rọlẹ̀ níbi tó bá kọjá.

"Ẹyọ mélòó ni ayẹ̀kútawò fi síná?" ni Awòye béèrè.

"Mẹ́fà."

"Ẹyọ kan ni ìlànà fàyè gbà. Ṣé àṣìṣe ni?"

Bó bá sọ pé àṣìṣe ni, ìyà rẹ̀ ò ní ju oṣù mẹ́ta láìṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á rán ayẹ̀kútawò mìíràn wá láti tún àyẹ̀wò ṣe, ẹni náà á gun òkè, á sì rí oje ayín nínú pàlàpálá. Bó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, èsì á dúró, òun nìkan ni ìyà á sì kàn. Ìbídùnní rí ojú ọmọ rẹ̀ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n pínyà ní ìbodè lóṣù tó kọjá, tó ń fi ọwọ́ kan di gèlè rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́.

"Kì í ṣe àṣìṣe," ó wí.

"Ìwé àṣẹ ayẹ̀kútawò ti parí láti wákàtí yìí. Fi àtàǹpàkò sí i."

Ó fi sí i. Iná ara Awòye kú.

Kúforíjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kó ìwé rẹ̀ sápò. "Ẹ̀ ń bẹ nínú wọn báyìí," ó wí. "Ẹ kú ìjókòó." Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù náà lójú ọ̀nà.

Ìbídùnní jáde lọ bá ọkọ̀ ìjọba tó gbé e wá. Ó fi àtàǹpàkò kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó tún un kàn. Ó gbìyànjú láti fi ohùn ránṣẹ́ sí Mọ́pélọ́lá láti ara òrùka ọwọ́ rẹ̀, òrùka sì dá a lóhùn pé ẹni tó wà lẹ́yìn ìbodè ò lè bá ẹni tó wà ní gúúsù sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Ó fara ti ọkọ̀ náà.

Àwọn èèyàn ń jáde látinú gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó kí i, kò sì sí ẹni tó bú u. Wọ́n ń wọ ilé wọn, wọ́n ń jáde pẹ̀lú dígà, ṣọ́bìrì àti agbọ̀n, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ. Baálẹ̀ ti bọ́ agbádá rẹ̀ sọ́wọ́.

Sàfúrátù ló dúró. Dígà méjì wà léjìká rẹ̀.

"Ṣé o mọ ilẹ̀ gbẹ́?" ni ó béèrè.

"Òkúta ni mo mọ̀, Màmá."

"Òkúta ló wà níbẹ̀," ni Sàfúrátù wí, ó sì na ọ̀kan sí i.